Àwọn Èèkàn Olórí Pupa ní Agbonou

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Bí mo bá sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, o ò bá a láyé. Ìyá rẹ gan-an kò lè rántí rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn mi ló wà nígbà tí a ń mọ ọ́n. Agbonou ló wà, lórí ilẹ̀ tí bàbá àgbà rẹ jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò kékeré tí a ti ń fọṣọ. Tí o bá dé ibẹ̀ lónìí, o ò ní mọ̀ pé ilé fìgbà kan fẹ́ wà níbẹ̀.

Yàrá méjì la gbà ní Atakpamé nígbà yẹn, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí èèyàn máa ń gun òkè tán kó tó rántí ohun tó gbàgbé láti rà nísàlẹ̀. Iṣẹ́ ojú ọ̀nà ni bàbá àgbà rẹ ń ṣe. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń dí ihò ojú títì láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí apá Notsé. Èmi ń ta gààrí àti ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà kan ni onílé wa pè wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ní ọmọ òun ń ti Gabon bọ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, pé yóò dé nígbà tí wọ́n bá ń ya àgbàdo, pé kí a bá òun wá ibòmíràn. Kò bá wa jà. Ká ní ó bá wa jà ni, à bá rí ohun tí a ó fi dá a lóhùn.

Ibòmíràn wo? Nínú agbo ilé bàbá ọkọ mi ní Agbonou, yàrá kan ṣoṣo ni ìyá ọkọ mi ní. Àwọn ọmọ orogún rẹ̀ ló gba ìyókù, wọn kò sì fẹ́ràn kí àwa máa gba iwájú wọn kọjá lásán, ká tó wá sọ pé a fẹ́ wá gbé níbẹ̀. Bàbá àgbà rẹ wá ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ilẹ̀ ṣá wà. A ó mọ ilé.”

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bíríkì sìmẹ́ńtì lẹ mọ̀. Tiwa, amọ̀ ni. A ó wa á, a ó pọn omi odò sí i, a ó wá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀ bí èbà tó jinná. Amọlé yóò wá mọ ìpele kan yí gbogbo ilé ká, gíga rẹ̀ kò ní ju orúnkún rẹ lọ, á sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Ó di ìgbà tó bá gbẹ kó tó gbé ìpele mìíràn lé e. Nítorí náà ni a ṣe máa ń fi ẹ̀ẹ̀rùn mọlé, kí òrùlé lè gorí rẹ̀ kí òjò tó dé. Ogiri amọ̀ tó bá ti rí páànù fi borí, àwọn ọmọ rẹ lè dàgbà sínú rẹ̀ kí wọ́n sì bí ọmọ tiwọn níbẹ̀. Èyí tí kò bá rí i, bí iyọ̀ ló ṣe máa ṣe lójú òjò. Ohun tó ká wa lára nìyẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, orí páànù ló dúró lé: ṣé yóò débẹ̀ ṣáájú òjò, àbí kò ní débẹ̀.

A ti dé ìpele tó kẹ́yìn. Mo ń tẹ amọ̀ lọ́wọ́, ìyá rẹ wà lẹ́yìn mi, amọ̀ ti dé mi lórúnkún, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun alùpùpù kékeré dé. Agolo ọ̀dà ló so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Amọlé wa, bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹni tó bá kọjá, nahùn sí i láti orí ogiri:

“Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ẹ wá bá wa tẹ amọ̀ ni?”

Ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Èdè Ewe ló fi dá a lóhùn, gbogbo wa la sì gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ó ní, “Ìwé dà?”

Bàbá àgbà rẹ ní, “Ìwé wo?”

“Ìwé omi.”

“Omi ẹ̀rọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Odò la ti ń pọn ọ́n.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.” Ó ń ṣí agolo rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé ọ̀pá omi ńlá kan máa gba apá ibẹ̀ kọjá, abẹ́ ilẹ̀ ni wọn yóò gbé e gbà, láti orí òkè Atakpamé wá. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́lé ní ẹ̀gbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé ní búrò àwọn tó ń rí sí omi, kí wọ́n fi hàn pé ilé náà kò ní jókòó lé ọ̀pá lórí. Láìsí ìwé yẹn, àwọn tó ń fúnni láṣẹ ilé kíkọ́ nílùú kò ní dá wa lóhùn.

Bàbá àgbà rẹ ní, “Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.”

Ó ní, “Èmi ló ń sọ fún yín yìí.” Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó fi pupa fa àgbélébùú ńlá sára ogiri wa, láti igun dé igun. Amọ̀ náà ṣì tutù, ọ̀dà wá ń ṣàn wálẹ̀. “Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Bí mo bá padà wá bá páànù lórí rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò wó o, àgọ́ ọlọ́pàá lẹ ó sì ti ṣàlàyé.”

Ó lọ. Amọlé sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo àgbélébùú náà bí ẹni ń wo àléébù lára ọmọ rẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó, kí ni kí n sọ fún ogiri yìí báyìí? Ṣé kí n ní kó dúró de ìwé? Kò gbọ́ Faransé.”

A rẹ́rìn-ín. A ṣì lè rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Bàbá àgbà rẹ kò lè máa fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, nítorí náà èmi ni mo ń lọ sí búrò omi. Èmi tí n kò mọ ìwé, tí mo gbé ọmọ pọ̀n. Ọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, lábẹ́ igi dóńgóyárò, òun ló ń sọ ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí kò lè wọlé. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, èdè wa ló ń sọ, inú mi sì dùn pé mo rí ẹni tèmi. Bí mo bá ti yọ báyìí, yóò ti bẹ̀rẹ̀:

“Ìyàwó Agbonou, ẹ tún dé! Bẹ́ ẹ bá ń bá a lọ báyìí, wọn á fi orúkọ yín sínú àwọn tó ń gbowó oṣù.”

“Ṣé ọ̀gá wà ńlé?”

“Ọ̀gá lọ sí Lomé.”

Bó bá ti Lomé dé, á ti lọ sí ìsìnkú. Bó bá ti ìsìnkú dé, gbogbo òṣìṣẹ́ búrò á ti lọ sí pápá láti kọ́ ijó àti orin tí wọ́n fi ń pàdé àlejò ńlá. O ò mọ ìgbà yẹn. Bí àlejò ńlá bá ń bọ̀ láti Lomé, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Àwọn ọ̀gá tó wọ tàì lánàá á máa pàtẹ́wọ́ lónìí, wọ́n á máa jó nínú oòrùn, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. Ẹnì kan fi ọ̀gá omi hàn mí láàárín wọn, ẹni tí mo ń wá láti ọjọ́ yìí wá, ó ń yí ìdí, òógùn bo gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀. N kò lè pè é. Báwo ni mo ṣe máa pè é?

Ọjọ́ tí mo bá a ní ìjókòó, ó ní kí n jókòó. Jẹ́ kí n sọ òtítọ́, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Faransé ló ń sọ, ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ló ń túmọ̀ fún wa. Ọ̀gá ní àwọn tó ń wọn ilẹ̀ máa ti Lomé wá, wọn á gbin èèkàn sí ibi tí ọ̀pá omi yóò gbà. Lẹ́yìn náà, òun fúnra òun á wá fojú rí èèkàn náà àti ilé náà, kí òun lè mọ̀ pé wọn kò kan ara wọn. Bí òun bá rí i, òun á fọwọ́ sí i. Bí òun kò bá rí i, òun kò lè fọwọ́ sí i.

Mo ní, “Ṣé òjò yóò dúró dè wọ́n?”

Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà sọ nǹkan ní Faransé. Ọ̀gá mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Nígbà tí a jáde, mo bi í léèrè, “Kí lẹ sọ fún un?”

Ó ní, “Mo ní o kí i, pé o dúpẹ́.”

“Ìyẹn kọ́ ni mo sọ.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yẹn, a kì í bi ọ̀gá bẹ́ẹ̀.”

Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá lóòótọ́. Wọ́n wá ní ọjọ́ iṣẹ́, kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sí wa, èmi wà lẹ́nu ọ̀nà mi ní Atakpamé, bàbá àgbà rẹ wà lójú títì. Ìyá ọkọ mi ti lọ sóko. Nígbà tó fi máa padà, wọ́n ti lọ, ohun tó bá lórí ilẹ̀ ọmọ rẹ̀ ni igi tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu, tí wọ́n gbìn ní ìlà kan láti etí ọ̀nà gba ẹ̀yìn ogiri wa títí dé odò. Wọ́n kun gbogbo wọn lórí ní pupa, wọ́n sì so aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ wọn lọ́rùn.

Ìwọ tó o kàwé, o máa sọ pé èèkàn ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyá àgbàlagbà rí. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ẹnì kan bá ri igi mọ́lẹ̀ nínú oko tàbí nídìí igi eléso, tó kùn ún lórí, tó so aṣọ mọ́ ọn, àalè nìyẹn. Ohun tó ń sọ ni pé: ilẹ̀ yìí ní ẹni tó ni ín, ẹni tó bá kọjá ibí, ohun tó bá rí kó fara mọ́ ọn. Ọmọdé wa kò ní fọwọ́ kan èso abẹ́ rẹ̀, bí ebi ṣe wù kó pa á tó. Ìyá ọkọ mi rí àalè lórí ilẹ̀ ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn ogiri tí ọmọ rẹ̀ kò tíì bò lórí. Kí ló fẹ́ rò? Àwọn ọmọ orogún ló wá sí i lọ́kàn.

Ó ti di onígbàgbọ́ láti ìgbà èwe, kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì ti àwọn fadà jẹ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ mú ìgò omi mímọ́ tó tọ́jú láti ọdún Àjíǹde, ó wọ́n ọn sí igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbàdúrà, ó sì ń fà wọ́n tu. Ó kó wọn lọ sí etí odò, ó sun wọ́n, ó da eérú rẹ̀ sómi. Kò sọ fún wa. Ó ní, nígbà tó yá, pé ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn mi, pé òun kò fẹ́ kí ẹ̀rù bà mí kí ọyàn mi má bàa gbẹ.

Àwa kò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Ohun tí àwa gbọ́ ni pé ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ránṣẹ́ pé ọ̀gá ń bọ̀ lọ́la. Inú wa dùn! Bàbá àgbà rẹ tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbá gbogbo ilẹ̀ náà, mo din iṣu, mo lọ ata. Ìyá ọkọ mi wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ gba ara Olúwa, ó jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò aládùúgbò wa bíi pé wọ́n fẹ́ wá fẹ́ ẹ níyàwó.

Ọ̀gá dé nínú ọkọ̀ ńlá, òun àti ọmọkùnrin ọlọ́dà. Ó kí Ìyá, ó kí gbogbo wa. Ó tẹ́ ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sórí iwájú ọkọ̀, ó wo ìwé, ó wo ilẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́yìn ogiri, ó rìn dé odò, ó padà. Ó tún wo ìwé. Ó sọ̀rọ̀ sí bàbá àgbà rẹ ní Faransé, mo sì rí i tí ojú bàbá àgbà rẹ yí padà.

Bàbá àgbà rẹ kọjú sí mi, ó fi èdè wa bi mí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: “Ìyá àwọn ọmọ, ǹjẹ́ o rí àwọn igi kan níbí, tí wọ́n kùn lórí ní pupa?”

Kí n tó dáhùn, Ìyá ti dìde lórí àpótí.

“Igi olórí pupa?” Ó ń rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Mo ti fa gbogbo rẹ̀ tu. Mo sun ún, kò ku ẹyọ kan. Ẹni tó rì í mọ́lẹ̀ á mọ̀ pé o ní ìyá.”

Ọ̀gá ní, “Kí ni Màmá wí?”

Bàbá àgbà rẹ ń wo ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin ọlọ́dà ló túmọ̀ rẹ̀. Àṣé ó gbọ́ èdè wa láti ọjọ́ yìí. Bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rín ń pa á, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín, òun náà bá a rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, mo sun ún.”

Nígbà yẹn, ohun ìjọba kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ kàn. Àwọn kan wà tí wọ́n mú lọ nítorí ohun tó kéré sí igi, a kò sì mọ ibi tí wọ́n mú wọn gbà. Bàbá àgbà rẹ ṣí fìlà. Ó wólẹ̀ fún ọ̀gá náà nínú eruku tí mo gbá, ọkùnrin gìrìpá, níwájú ìyá rẹ̀. Ìyá sì dúró tì wá, kò lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó rò pé ó ń dúpẹ́ ni.

Ọ̀gá wo Ìyá. Ó wo aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó wo ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká ìwé rẹ̀. Ó ní kí bàbá àgbà rẹ dìde. Ohun tó sọ, bàbá àgbà rẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà: “N kò ní mú Màmá lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí ohun tí n kò fojú rí. Wọ́n máa wá tún un wọ̀n.”

“Ìgbà wo, ọ̀gá?”

“Bí wọ́n bá tún gba ọ̀nà ibí.”

Ó mú iṣu kan nínú àwo, ó tọ́ ọ wò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì lọ. Ìyá ń juwọ́ sí wọn títí ọkọ̀ fi wọ kọ́nà. Ó ní, “Àlejò yín mà níwà o. Ìgbà wo ló ní kí a bẹ̀rẹ̀ òrùlé?”

Bàbá àgbà rẹ ń gbọn eruku lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, “Láìpẹ́, Ìyá.”

Bí a ṣe ń gun òkè padà sílé, mo ní, “Ṣé o ò ní sọ fún un ni?”

“Kí n ní kí ni? Kí n ní ìwọ ìyá mi lo ba ilé mi jẹ́?”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni kó o sọ ọ́.”

“Ìwọ bá mi sọ ọ́, bó o bá mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.”

Ìyàwó ilé ni mí. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, n kò rí ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi, n kò sì rí ẹnu tí mo lè fi bínú sí i. Ó gbèjà ilẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ká ní àalè ni lóòótọ́, gbogbo wa ni à bá máa yìn ín títí dòní.

Mo padà sí búrò. Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà kò bá mi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Ó ní àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ti kọjá lọ sí apá òkè, sí Sokodé. Ó ní kí n lọ jókòó sílé, pé òun á ránṣẹ́. Mo bi í pé ṣé a kò lè fi páànù bò ó fún ìgbà díẹ̀, ká sì ṣí i bí wọ́n bá dé. Ó wò mí, ó ní, “Ìyàwó, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.”

Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Ìkùukùu ń kó jọ sórí àwọn òkè Atakpamé láràárọ̀, á sì tún tú ká. Páànù wa wà nínú yàrá tí a ń sùn, a tò ó lé ara rẹ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, bí mo bá yí ara lórí bẹ́ẹ̀dì ó máa ń dún. Amọlé gé imọ̀ ọ̀pẹ àti koríko, ó fi bo orí ogiri, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin ọlọ́dà kọjá, ó rí i, ó ronú díẹ̀. Ó ní imọ̀ kì í ṣe òrùlé, kí a fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí òun má rí igi àjà lórí rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa la dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀, imọ̀ gbà á. Òmíràn rọ̀, ó tún gbà á. Mo wá ń sọ fún ara mi pé bóyá, bóyá.

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ló dé. Mo wà ní Agbonou, mo gbé oúnjẹ lọ fún Ìyá. Ojú ọ̀run dúdú láti apá òkè wá, atẹ́gùn sì kọ́kọ́ dé, ó ká imọ̀ kúrò lórí ogiri bí ẹni ká aṣọ lórí ẹni tó ń sùn. Koríko fò lọ sínú odò. Lẹ́yìn náà ni òjò wá bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń kán, èyí tó ń dà ni. A sá sábẹ́ máńgòrò, èmi, Ìyá, àti ìyá rẹ lẹ́yìn mi tó ń ké.

Àgbélébùú pupa ló kọ́kọ́ lọ. Ọ̀dà náà jáde pẹ̀lú èèpo amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpele òkè bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, omi pupa ń ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀. Ìyá ní, “Wọ́n ò bò ó! Èé ṣe tí wọn ò bò ó?” Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti tú ìró rẹ̀, ó ku tòbí nìkan nídìí rẹ̀, ó sáré wọ inú òjò, ó ju ìró náà sórí ogiri, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú níbẹ̀. Ó tún ń pè mí, “Ìyàwó, mú tìẹ náà wá! Mú tìẹ wá!”

Mo lọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo fi ọmọ sábẹ́ máńgòrò, mo tú ìró mi, mo lọ dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì di ogiri mú bí ẹni di ọmọ mú nínú àgbàrá. Amọ̀ ń yọ̀ ní abẹ́ ìka mi, ó rọ̀ bíi ti ìgbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo rí i pé ó ń mì. Mo fa Ìyá kúrò níbẹ̀ lápá, ó ń bá mi jà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi kí ẹ̀gbẹ́ yẹn tó wó, pẹ̀lú ìró àwa méjèèjì nínú rẹ̀.

Kò pariwo rárá. Mo ti rò pé ilé tó bá wó máa pariwo.

Bàbá àgbà rẹ ti ibi iṣẹ́ sáré dé nígbà tí òjò ti ń dá. Ó bá wa lórí àpótí, tòbí lásán nídìí wa, amọ̀ ní gbogbo ara. Ó yí ilẹ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ń wò ó. Ìyá wá ní, “Èé ṣe tí ẹ ò bò ó?”

Ó ń fa ìró wa yọ nínú amọ̀.

“Ọmọ mi, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé o ò sọ pé láìpẹ́ ni ẹ ó bò ó?”

Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ìyá kọjú sí etí odò, níbi tó ti sun igi wọ̀nyẹn. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré: “Ṣé nítorí igi yẹn ni?”

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn nínú wa. Ìdáhùn náà nìyẹn, ó sì gbọ́ ọ.

Ọmọ onílé dé láti Gabon. A kó jáde. Yàrá Ìyá la kó lọ, gbogbo wa, páànù la sì fi dí ẹ̀gbẹ́ kan níta kí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ọkùnrin lè rí ibi sùn. Ìyá gbé ẹní rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì fún wa, a bẹ̀ ẹ́, a bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ilẹ̀ ló ń sùn.

Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ tún dé nígbà tí òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èèkàn tí wọ́n kó wá láti Lomé kò tó, wọ́n wá gé igi tútù létí odò, wọ́n gbẹ́ ẹ lẹ́nu, wọ́n kùn ún, wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ júwe fún bàbá àgbà rẹ. Ìlà náà kò tilẹ̀ kan ibi tí ilé wà tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá di olùṣọ́ èèkàn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á ti gba ibẹ̀ lọ. Á lé ewúrẹ́ kúrò nídìí wọn. Bí ọmọdé bá súnmọ́ wọn, ohùn rẹ̀ á ti dé odò: “Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ti ìjọba ni!” Àwọn ọmọ orogún fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, “Ìyá búrò omi, ṣé ọ̀gá yín ti dé?” Ó ń retí ọ̀gá tí yóò wá fojú rí i.

Ọ̀gá yẹn ti lọ. Wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Èyí tó rọ́pò rẹ̀, ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ní kò tíì mọ ibi tí Agbonou wà. Mo lọ títí. Nígbà tó yá, mo dín in kù. Nígbà tó yá, mo kọjá níwájú ibẹ̀ láti lọ sọ́jà, n kò yà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Ìyá wá jí mi, ó ní kí n wá wo nǹkan. Mo tẹ̀ lé e. Òkìtì ilé wa ti hu koríko. Àwọn èèkàn dúró lórí ìlà wọn, ọ̀dà pupa ti ń ṣí kúrò lórí wọn, aṣọ funfun ti já. Àwọn tí wọ́n gé ní tútù ti ta gbòǹgbò, wọ́n sì ti yọ ewé, ewé kéékèèké tó ń dán, ní abẹ́ ibi tí wọ́n kùn gan-an.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, “Ìyàwó, kí ni wọ́n ń ṣe sí irú èyí? Ṣé kí á já ewé rẹ̀ kúrò ni, àbí kí á fi í sílẹ̀? Kí ọ̀gá má bàa dé kó má mọ̀ ọ́n.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.”

A fi í sílẹ̀.